Ewú Iwájú Orí Wándé

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ tuntun náà lé mi lọ́wọ́, iwájú orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Àwọn ìyá àgbà yòókù a máa ka ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀. Èmi ní ìdí tèmi. Ewú sì ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdì irun funfun kékeré kan ni, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka kan ẹ̀fun tó wá fi kan ọmọ lórí.

Morádéún, ọmọ mi tó bí i, ń wò mí láti orí ibùsùn. "Màmá, kí lẹ rí?"

"Mo rí ọmọ," ni mo wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Martins, ti sún mọ́ wa. Obìnrin dáadáa ni, àfi pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ wo ewú lórí ọmọ ọjọ́ kan. Ìyá yín tó lọ lọ́dún tó kọjá ló padà dé yìí, Màmá Morádéún. Yétúndé lẹ ó máa pè é."

Mo ní, "Ìyá wa kò ní ewú níwájú orí rí, Màmá. Ọjọ́ tó kú pàápàá, orí rẹ̀ dúdú ju tèmi lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, nínú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó sì gba ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà: ṣé ọmọ yìí ń gbọ́ràn? Ẹni tó jẹ́ kí n mọ ìbéèrè náà ni àbúrò mi, Babáwándé Dáramọ́lá, tó ń kọ nǹkan sára tírélà ní Malu Road.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá àgbà wa ní Ìwó ni ìyá wa bí Wándé. Bàbá àgbà ní ewú kan níwájú orí láti ìgbà èwe rẹ̀, Wándé sì gbé irú rẹ̀ wá. Ojú Wándé ọ̀tún dúdú bíi ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n tòsì ní àwọ̀ búlúù bí ìgò oògùn. Kí ló tún kù tí kò yé ènìyàn? Bàbá ti padà wá. Bàbá wa tó wà láàárín àwọn méjèèjì, orí rẹ̀ ti pá kí ó tó fẹ́yàwó, nítorí náà ohun tó wà níwájú orí tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ.

Ọmọ ìjọ ni wá, bẹ́ẹ̀ pásítọ̀ ti wàásù pé ẹni tó bá kú kì í padà wá sáyé. Ìyá wa á ṣe àmín ketekete, á délé, á kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ rẹ̀ tó wà nínú nápì. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ sí mi lára." Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Kì í pariwo mọ́ ọn, kì í sì í pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tí kò wẹ̀yìn, ìyá wa á dúró, á fọwọ́ kan án léjìká tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú rẹ̀. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ kì í dáhùn bí ènìyàn bá pè é láti apá òsì. Àwọn ará ilé sọ pé àgbà kì í kánjú dáhùn. Ó wá rí bẹ́ẹ̀ pé bí Wándé ṣe ń dákẹ́ tó ni ó ń jọ bàbá àgbà tó, bí ó sì ti ń jọ ọ́ tó ni inú ilé ń dùn tó.

Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní láti kí i kí n tó jẹun. N kò ní purọ́, ó dùn mí.

Yàrá méjì la ní, nínú ilé tí yàrá kọjú síra. Bàbá wa jẹ́ akọ̀wé ní wharf. Ó máa ń dúró ti ọkọ̀ ojú omi, á máa ka àpò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ó máa ń délé pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú irun ihò imú rẹ̀. Nígbà yẹn, ọmọ lè tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọ wharf láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè káàdì, òpópónà Àpápá sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wa fi máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ tí a bá ti sọdá sí ọ̀hún, kí ó má baà gbé ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ débẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi báyìí, wọ́n á ní ọjọ́ orí ló ń bá mi jà.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, bàbá wa kó wa lọ wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Wándé jẹ́ mẹ́ta. A dúró ti irin kan tí wọ́n fi ṣọgbà. Ọkọ̀ náà fọn fèrè. Ẹni tí kò bá tí ì dúró nítòsí irú fèrè bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n. Inú ikùn ni ènìyàn ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ọmọdé tó wà níbẹ̀ fọwọ́ di etí. Èmi tọ̀ díẹ̀ sára, mo sì fi Bíbélì bò ó. Wándé kò di etí. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi di irin mú ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ kejì lé irin náà, ó gbé àgbọ̀n lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ni mo wí, "Wándé kò gbọ́ fèrè yẹn."

"Ta lò ń pè ní Wándé? Ẹlẹgbẹ́ rẹ ni? Ṣé àgbà ló máa gbọ̀n nítorí fèrè?"

Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Obìnrin Ìjọ́ kan wà nínú ọgbà wa, Màmá Ebinimi, òun náà mọ̀. Ó pe ìyá wa sí ẹ̀gbẹ́ kànga lọ́jọ́ kan, ó fi orúkọ mi pè é, ó ní, "Mama Ẹ̀rínọlá, abeg no vex. This your pikin no dey hear." Ìyá wa bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ní ará òkè odò kò lè mọ ìwà àgbà Yorùbá.

Ìgbà tí ó tó àkókò ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà tú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọlé nígbà náà. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń wo ìwé ọjọ́ ìbí; ọmọ á na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lókè orí, bí ìka bá kan etí òsì, ó ti tó. Ọwọ́ Wándé gùn. Ọ̀gá ilé ìwé fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó wò, ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó di etí mú dáadáa. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan etí. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá etí náà ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, tíṣà rẹ̀ tẹ̀ lé e wálé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, Mísì Ṣayọ̀. Ó ní kí ìyá wa jókòó. Ó gbé abọ́ páànù kan, ó dúró lẹ́yìn Wándé, ó sì jù ú lulẹ̀. Adìẹ sá. Ọmọ inú yàrá kejì jí. Wándé ń ya igun mẹ́rin sí ilẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀, kò gbójú sókè.

Ìyá wa wo abọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí n kò rí i kí ó ṣe rí. Ó pè é lórúkọ. "Wándé," ó ní. "Wándé. Babáwándé." Ó ń pè é, ó ń sunkún, ọmọ náà sì ń ya igun mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Bàbá wa gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn adití ní òdì kejì afárá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé kíkọ àti bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn: ìka méjì tí wọ́n gbé kan iwájú orí, níbi tí ewú wà. Bí ó bá wálé fún ìsinmi, ó máa ń kọ́ mi. Ìyá wa kò kọ́ ọ. Ó ní òun ti ju ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í níwájú ọmọ rẹ̀.

Lẹ́tà ni Wándé fẹ́ràn. Ó máa ń ya á bí ẹni pé ó lẹ́ran lára. Ìgbà tó jáde, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ ní Malu Road, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, lábẹ́ tapólì kan láàárín àwọn onírin àti àwọn tó ń lẹ táyà. Ariwo ibẹ̀ lè sọ ẹni tó ń gbọ́ràn di adití. Etí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ni iṣẹ́ náà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí tírélà tó ti Liverpool Road bọ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà pupa tó ní òjìji dúdú kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé Ẹ FỌN FÈRÈ KÍ Ẹ TÓ KỌJÁ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ àbúrò mi ni. Ó ti kọ ọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kò gbọ́ ọ̀kan rí.

Awakọ̀ kan wà, Tájù, ará Ìsẹ́yìn, tí kò mọ̀wé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe ọ̀gá yìí? Mo ní kí ó kọ 'Ẹ Kí Ìyá Mi' sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wò mí bí ẹní ń wo fọ́tò."

"Kò gbọ́ ọ. Adití ni."

"Ẹ ò tètè sọ. Mo ti ń fi ohùn mi ṣòfò látàárọ̀." Ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dúró níwájú Wándé. Ó fi ọwọ́ ṣe ọmú, ó fi ọwọ́ ṣe ọmọ pípọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Wándé mú ọ̀dà, ó kọ ọ́ láìṣì. Láti ìgbà náà, Tájù kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí, kò sí ìkankan nínú yín tó gbọ́ tèmi tó báyìí rí."

Ó tó kí n sọ nípa orí tèmi wàyí.

Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ títẹ ìwé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road, nígbà tí mo rí irun funfun níwájú orí mi. Mo fà á tu. Ó padà, ó mú àwọn ará rẹ̀ dání. Ìyá wa ló bá mi ra ìpara dúdú tí wọ́n fi ń pa irun láró. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kùn ún fún mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan ti tó nínú ilé. Bí wọ́n bá wá ṣe ìwádìí lórí rẹ, orí dúdú ni kí wọ́n bá." Ẹ mọ bí ìwádìí ṣe máa ń rí kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni: wọ́n á béèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n á béèrè wèrè, wọ́n á béèrè adití. Wọ́n bá orí dúdú. Mo fẹ́ ọkọ mi, Ọlábọ̀dé, a jọ gbé fún ọdún mẹ́tàlélógún kí Olúwa tó pè é, mo sì ń kun orí ní Sátidé méjì-méjì. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má kà á sí irọ́, nítorí irun ni, kì í ṣe ẹnu.

Yàtọ̀ sí ìyá wa, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Mo gbé ìrẹsì lọ sí Malu Road nínú oòrùn ọ̀sán kan, òógùn ń ṣàn lójú mi. Wándé wo iwájú orí mi bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ mìíràn. Ó yọ ìwé pélébé tó máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀, ó kọ ọ́: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dà yìí kò mú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá èyí tí omi kì í fọ̀ kúrò. Mo fi ìnura gbá a lẹ́yìn. A kò tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi wo iwájú orí ọmọ Morádéún. Èmi ni mo ní àfi kí a lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Màmá Martins ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò mọ ohun tó ń gbọ́, kí a jẹ́ kí ó dàgbà díẹ̀. Mo ní, "Ó tì o, Màmá. A ti dúró rí."

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni Morádéún. Láti ìgbà tí mo ti dárúkọ etí ni kò ti sùn dáadáa. Ó jẹ́wọ́ fún mi níbi tí mo ti ń wẹ ọmọ: ibà ṣe é nígbà tí oyún wà ní oṣù kẹta, ó lo oògùn láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. "Bí kò bá gbọ́, Màmá, èmi ni." Ìyá ọkọ rẹ̀ tún ti sọ ọ́ lọ́nà àwàdà pé ó wo fíìmù tó ń dẹ́rù bani jù nínú oyún. Mo ní kí ó má ro bẹ́ẹ̀. N kò sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ìdílé ọkọ rẹ̀ á gbọ́ pé láti ọ̀dọ̀ wa ni, àti pé a fi pa mọ́ fún wọn. Mo gbàdúrà lé e. Kí n sọ òótọ́, mo fi àdúrà sá fún ọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a gbé e lọ. Dókítà etí náà kò tí ì ju ọmọ mi lọ, Dókítà Zulfah, ó wé ìbòrí funfun. Wọ́n dúró kí ọmọ sùn, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn lórí, wọ́n fi nǹkan kékeré sí i létí, wọ́n ń wo ilà lójú kọ̀ǹpútà. Bí ohùn bá wọlé, ilà á fò. Ọ̀tún kò fò. Òsì kò fò. Wọ́n gbé ohùn náà sókè títí èmi tó wà ní ẹnu ọ̀nà fi ń gbọ́ ọ wínríwínrí.

Dókítà jókòó tì wá. Ó wo ewú ọmọ, ó wo ojú Morádéún. "Ṣé ẹnikẹ́ni ní irú irun yìí nínú ìdílé?"

"Àbúrò Màmá ni," ni Morádéún fèsì. "Ṣùgbọ́n Màmá kò ní, èmi náà kò ní, kò lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Dókítà, mo lo oògùn kan ní oṣù kẹta." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Dókítà yíjú sí mi. Ó wo àárín ojú mi méjèèjì, ojú ìdílé Dáramọ́lá tó jìnnà síra, tí a máa ń fi yangàn. "Màmá, ọdún mélòó lẹ ní kí ewú tó yọ lórí yín?"

Mo ti wà nílé Morádéún láti ọjọ́ ìbímọ. Omi ọmọ gbígbóná, ata ọbẹ̀, aṣọ fífọ̀. N kò ráyè orí. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ síkáàfù mi. Mo tú u.

Mo gbọ́ tánkà kan tó ń fọn fèrè lójú pópó.

"Láti ìgbà wo, Màmá?" ni Morádéún béèrè.

"Ó ti lé lógójì ọdún."

"Dádì mọ̀?"

"Ọlọ́run mọ̀."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń sunkún oògùn ibà lójú yín."

Mo ká síkáàfù náà sí méjì lórí itan mi.

Dókítà ló gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ó ní oògùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọmọ ṣì kéré bí ẹyọ ẹ̀wà nínú ikùn, àwọn hóró kan máa ń gbéra láti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń ṣẹ̀dá, wọ́n á máa gbé àwọ̀ lọ sí irun, sí ojú, sí inú etí lọ́hùn-ún. Jíìnì ni àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sì ti ń wá. Bí àṣẹ náà bá ní àléébù, àwọn kan kì í dé ibi tí wọ́n ń lọ. Iwájú orí tí wọn kò dé á funfun. Etí tí wọn kò dé kò ní lè jíṣẹ́ ohùn fún ọpọlọ.

Mo ní, "Bí ẹrù tó jáde ní wharf tí ìwé rẹ̀ kò pé."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, Màmá. Òmíràn á dé, òmíràn á há sọ́nà." Ó ní ẹni tó bá ní in lè fún ọmọ kan, kó má fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí bákan náà lára ẹni méjì: ewú lára ọ̀kan, ojú lára òmíràn, etí kan ṣoṣo lára ẹlòmíràn. Mo rántí bàbá àgbà àti apá òsì rẹ̀. Mo rántí orí pípá bàbá wa. Gbogbo wa ti ń gbé e bọ̀, a sì ń pe ẹnì kan ṣoṣo ní àgbà tó padà wá.

Dókítà sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó wà, ó wá ní èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí èdè tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ì báà jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ọwọ́. Ó ní inú òun dùn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi mọ̀, kì í ṣe ọdún. Mo sọ ọ́ fún Màmá Martins fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ náà, láìwé nǹkan kan sórí. Ẹnu rẹ̀ sinmi fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn báyìí, kì í ṣe fíìmù."

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù méjì, Wándé wá sílé Morádéún lẹ́yìn ìsìn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọ̀dà lára. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, ewú ìgbà èwe rẹ̀ ti sọnù sáàárín àwọn tó dé lẹ́yìn. Ó wo orí mi, ó yọ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́: Ọ̀dà ti ṣí. Ó ti pẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀.

Ó gbé ọmọ lé àyà, ó ń kùn bí oyin, ohùn tí òun náà kò gbọ́. Ọmọ náà la ojú, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ sí àyà Wándé. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ti rí i rí lórí irin ní wharf.

Olúwafikáyọ̀mi ni orúkọ tí a sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wándé ní ó gùn jù. Ó gbé ìka méjì kan iwájú orí ara rẹ̀, ìyẹn òun. Ó wá gbé ìka kan ṣoṣo kan ewú ọmọ náà, ó sì ní kí Morádéún ṣe é.

Morádéún tẹríba sí ọmọ rẹ̀, níbi tí ó ti lè rí i. Ó gbé ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, ó dúró, ó tún un ṣe. Ojú ọmọ náà tẹ̀ lé ìka náà lọ, ó tẹ̀ lé e bọ̀, ó wá dúró sí ojú ìyá rẹ̀.

"Màmá," ni Morádéún wí, kò yíjú sí mi, "ẹ wá pe ọmọ yín."

Mo sún mọ́ wọn, mo gbé ìka kan ṣoṣo kan ewú tèmi, mo sì pè é.